Ìyá Mi Ni Wọ́n Lé Jáde Ní Wọ́ọ̀dù

Ẹ kú ilé o, Ìyá mi. Ẹ kú ọyẹ́ tó ń fẹ́ bọ̀ láti orí òkè Ọ̀kà, ẹ sì kú àìrójú mi láti ọjọ́ yìí. Mo kí Bàbá mi, kí wọ́n rọra máa gun òkè lọ sí mọ́ṣáláṣí. Mo kí àwọn ará ilé wa gbogbo ní Ìwàrò-Ọ̀kà, tọmọdé tàgbà. Sìkírátù, àbúrò mi, ìwọ ni yóò ka lẹ́tà yìí sí wọn létí. Jọ̀wọ́, kà á sókè, má sì fo ibì kankan, bí ojú bá tilẹ̀ ń tì ọ́ nítorí mi.

Ara mi le, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun. Òtútù ìlú Aberdeen yìí nìkan ni kò gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Tí mo bá ṣílẹ̀kùn láàárọ̀, afẹ́fẹ́ òkun ló máa ń kọ́kọ́ pàdé mi, omi á sì máa dà lójú mi bí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Ilé àwọn arúgbó ni mo ṣì ń ṣiṣẹ́. Mò ń wẹ̀ wọ́n, mò ń wọṣọ fún wọn, mò ń fi ṣíbí fún wọn lóúnjẹ. Tí mo bá padà sí yàrá mi, ó di èmi àti rédíò. Ọjọ́ mìíràn wà tí Yorùbá kankan kò ní jáde lẹ́nu mi àfi àdúà tí mo bá ṣe lẹ́yìn ìrun.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ òtútù ló mú mi kọ̀wé, kì í sì í ṣe ẹ̀yin nìkan ni mo fẹ́ kó gbọ́ ọ. Mo ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ìròyìn kí ará Ìkàrẹ́ àti ará Ọ̀kà lè kà á. Sìkírátù ti sọ fún mi lórí fóònù pé wọ́n ti ní kí ẹ má wá sí ọsibítù mọ́, ẹ sì ní kó má jẹ́ kí n gbọ́. Ẹ má bínú sí i. Èmi ni mo fúngun mọ́ ọn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tí ẹ jẹ́ fún àwọn tí kò mọ̀ yín. Iṣẹ́ wíwọ́ ara lẹ kọ́ lọ́wọ́ ìyá tó bí yín. Ẹni tí rọpárọsẹ̀ bá mú, tí apá kan kò gbé mọ́, ẹ̀yin ni wọ́n máa ń wá pè. Òrí àti ọwọ́ yín nìkan ni irinṣẹ́ yín. Ẹ kì í fún ènìyàn ní àgbo mu, ẹ kì í sì í ṣèlérí ohun tí agbára yín kò ká.

Kí n tó wá sí Aberdeen, ọsibítù kan ní Ìkàrẹ́ ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ní yàrá físíò, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ aláìsàn bí yóò ṣe tún rìn. Olùrànlọ́wọ́ lásán ni mí, ṣùgbọ́n mo ti ń fi aṣọ funfun tí wọ́n fún mi yangàn. Wọ́n gbé bàbá kan dé láti Ìkun, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Bàbá Tíṣà. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló dá a wólẹ̀. Apá àti ẹsẹ̀ ọ̀tún kò gbọ́ tirẹ̀ mọ́. Ìyàwó rẹ̀ ló wá bẹ̀ yín. Ní àsìkò tí wọ́n gba àlejò láàyè, ó mú yín wọlé, ẹ jókòó ti bẹ́ẹ̀dì, ẹ bu òrí díẹ̀ sọ́wọ́, ẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ Bàbá Tíṣà lápá. Mo wà ní ìkángun kejì wọ́ọ̀dù, mò ń ti kẹ̀kẹ́ aláìsàn. Mo rí yín. Mo yíjú síbòmíràn.

Mátíróònù ló wọlé. Ó bi yín pé ta ló ní kí ẹ fọwọ́ kan aláìsàn òun. Ìyàwó Bàbá Tíṣà ti jáde lọ ra ẹ̀kọ lẹ́nu géètì, kò sí ẹni tí yóò gbà yín sọ. Mátíróònù ní irú yín ló ń ba ènìyàn jẹ́ kí wọ́n tó gbé e wá bá àwọn. Ó wá kọjú sí mi, ó ní ìwọ Ràímì, ará Ọ̀kà ni ọ́, ṣé o mọ obìnrin yìí?

Mo ní n kò mọ̀ ọ́n.

Ìyá mi, ẹnu mi ló sọ ọ́. Ẹ wò mí lẹ́ẹ̀kan. Ẹ fi etí ìró yín nu òrí kúrò lápá Bàbá Tíṣà kó má baà ta bá aṣọ bẹ́ẹ̀dì, ẹ ní kí Mátíróònù má bínú, ẹ sì jáde. Nígbà tí mo délé nírọ̀lẹ́, ẹ bu oúnjẹ fún mi. Ẹ bi mí bóyá mo tètè rí ọkọ̀ wọ̀. Títí di òní, ẹ kò mẹ́nu kan ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà sí mi rí.

N kò ní parọ́ mọ́ àwọn ọsibítù. Ìbẹ̀rù wọn nídìí. Èmi fúnra mi ti rí ẹsẹ̀ tí wọ́n fi omi gbígbóná bó, mo ti rí ẹni tí wọ́n ní kó da oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru nù, tí àìsàn sì dá a wólẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Ẹni tó ti tọ́jú irú ìyẹn kò ní sáré gba gbogbo ẹni tó bá gbé òrí dání. Ohun tó dùn mí ni pé wọn kì í bi ènìyàn léèrè ọ̀rọ̀ kí wọ́n tó kà á mọ́ àwọn tó ń ba nǹkan jẹ́. Èmi tí mo sì mọ̀ pé ẹ yàtọ̀, mo pa ẹnu mi mọ́.

Wọ́n dá Bàbá Tíṣà sílẹ̀, ó padà sí Ìkun. Ẹ̀yin sì ń gun ọ̀kadà lọ bá a láàárọ̀. Ọmọ rẹ̀ àgbà ní níwọ̀n ìgbà tí ẹ ti dé, kí wọ́n pa oògùn ọsibítù tì. Ẹ ní tí wọ́n bá dán an wò, ẹ kò ní wá mọ́; pé oògùn ló ń mú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, tiyín ni kí apá má baà gan. Kò pẹ́ tí Bàbá Tíṣà bẹ̀rẹ̀ sí í lè di ife mú.

Àfi lọ́jọ́ kan tí ẹ ká ṣòkòtò rẹ̀ sókè, tí ẹ rí i pé ẹsẹ̀ ọ̀tún ti wú láti orúnkún dé ọrùn ẹsẹ̀, ó le, ó sì gbóná. Àwọn ará ilé ní kí ẹ wọ́ ọ dáadáa kó lè fà. Ẹ ká ọwọ́ kúrò. Ẹ ní ẹsẹ̀ yìí kì í ṣe tiyín, ti dókítà ni. Ọmọ rẹ̀ bínú, ó ní ọsibítù tó lé yín bí ẹni lé adìẹ lẹ tún fẹ́ gbé bàbá òun padà fún. Ẹ ní àwọn tó lé yín mọ ohun tí ẹ kò mọ̀. Ẹ kò kúrò lójú kan títí wọ́n fi wá ọkọ̀, ẹ sì bá wọn wọ̀ ọ́ dé Ìkàrẹ́.

Dókítà obìnrin kan ló yẹ̀ ẹ́ wò. Kò tíì pẹ́ tó dé ọ̀dọ̀ wa, kò sì gbọ́ Yorùbá dáadáa. Ó ní ẹ̀jẹ̀ ló dì sínú iṣan ẹsẹ̀ náà, pé ká ní wọ́n wọ́ ọ ni, ó lè ṣí lọ sí ẹ̀dọ̀fóró kó sì pa Bàbá Tíṣà. Ó béèrè ẹni tó ní kí wọ́n má fọwọ́ kàn án. Ìyàwó Bàbá Tíṣà nawọ́ sí yín. Ẹnu ọ̀nà lẹ dúró sí, nítorí wọ́n ti ní kí ẹ má wọ ibẹ̀ mọ́. Dókítà jáde lọ bá yín, ó sì pè mí kí n wá túmọ̀.

Ó bi yín bí ẹ ṣe mọ̀. Ẹ ní ìyá yín ló kọ́ yín pé tí ẹsẹ̀ kan bá ṣàdédé wú tó sì gbóná, tí èkejì kò ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ kò gbọdọ̀ wọ́ ọ. Mo túmọ̀ rẹ̀ bí ẹni tó ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ àlejò. Dókítà dúpẹ́, ó ní òun fẹ́ kọ orúkọ yín sínú ìwé Bàbá Tíṣà. N kò tíì lanu tí ìyàwó Bàbá Tíṣà fi dáhùn pé Ìyá Ràímì ni gbogbo ènìyàn ń pè yín. Dókítà gbé bírò, ó wo káàdì orúkọ tó wà láyà mi, ó wo ojú yín. Mátíróònù, tó ti jáde tẹ̀ lé e, náà wò ó.

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ìyá mi ni wọ́n. Ẹ̀yin náà lẹ tún gbà mí sílẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n má bínú sí mi, pé ẹ̀yin lẹ kìlọ̀ fún mi kí n má da ọ̀rọ̀ ilé pọ̀ mọ́ iṣẹ́. Ẹ kò kìlọ̀ irú rẹ̀ fún mi rí. Mo sì túmọ̀ irọ́ tí ẹ pa nítorí mi, ọ̀rọ̀ kan kò yẹ̀.

Láti ìgbà náà ni dókítà ti ní kí ẹ máa wá sí yàrá físíò ní Ọjọ́bọ̀. Òun á kọ́kọ́ yẹ aláìsàn wò, á sọ èyí tí ẹ lè wọ́ àti èyí tí kò yẹ. Ó pẹ́ kí àwọn nọ́ọ̀sì tó máa kí yín, ṣùgbọ́n wọ́n kí yín nígbẹ̀yìn. Bí nǹkan ṣe rí nìyẹn nígbà tí mo kúrò nílé, mo rò pé ọ̀rọ̀ ti yanjú. Wọ́n ti gbé dókítà náà lọ síbòmíràn báyìí. Ọ̀gá tuntun tó dé sí ọsibítù béèrè ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ yín, ẹ kò ní, ó parí.

Ìyá mi, níhìn-ín náà kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Obìnrin kan ń wá wọ́ àwọn arúgbó wa lẹ́sẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Òun ní ìwé ẹ̀rí o. Síbẹ̀ ó ní dókítà kan ṣì máa ń fẹ̀rín bi òun pé ta ni òun ti wò sàn. Ó ní òun kì í fèsì. Tí ìyá arúgbó tí ara ń ro bá ti rí oorun sùn, ó tó òun. Mo sọ̀rọ̀ yín fún un, inú rẹ̀ dùn, ó sì bi mí bóyá mo kọ́ iṣẹ́ náà lọ́wọ́ yín. Ojú tì mí. Tí mo bá wálé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ́ mi.

Sìkírátù tún sọ ohun kan tó mú mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ó ní ẹ kò jókòó sílé ní Ọjọ́bọ̀. Ẹ ń lọ sí abẹ́ àtíbàbà níta ọsibítù, níbi tí àwọn ará ilé aláìsàn máa ń jókòó sí, ẹ sì ń kọ́ wọn bí wọn yóò ṣe máa yí ènìyàn wọn padà lórí bẹ́ẹ̀dì, bí wọn yóò ṣe máa na ìka tó ti ká kò, àti irú ẹsẹ̀ tí wọn kò gbọdọ̀ wọ́. Ẹ ní wọ́n ní kí ẹ má fọwọ́ kan aláìsàn, wọn kò ní kí ẹ má fọwọ́ kan ọmọ yín. Apá Sìkírátù lẹ fi ń kọ́ wọn. Ó ní ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, ọ̀gá tuntun náà jáde, ó dúró lẹ́yìn gbogbo wọn, ó gbọ́ títí ẹ fi sọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ tó gbóná tán. Ó rí ìyá àgbà kan tó wà nínú oòrùn, ó dì í lọ́wọ́ mú wọ abẹ́ àtíbàbà kó lè gbọ́ yín dáadáa, ó sì padà wọlé.

Ẹ dárí jì mí. Ojú gbogbo wọ́ọ̀dù ni mo ti sẹ́ yín, ìdí nìyẹn tí n kò fi lè tọrọ àforíjì ní kọ́rọ̀. Ọlọ́hun yóò fún ọwọ́ yín lókun, yóò sì jẹ́ kí a fojú kan ara wa láìpẹ́. Ẹ bá mi kí Bàbá Tíṣà àti ìyàwó rẹ̀ ní Ìkun, ẹ kí Mátíróònù náà tí ẹ bá rí i. Ẹ kí gbogbo ẹni tó bá béèrè mi.

Níwájú gbogbo ènìyàn, èmi ni ọmọ yín,
Ràímì.