Orin Tí Bọ̀ọ̀dá Délé Dá ní Lanham

Sátidé, oṣù Kẹjọ, 1996

Mo fọ́ gìtá mọ́ Bọ̀ọ̀dá Délé, ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi, lórí lónìí, níbi ọjọ́ìbí ìyàwó mi nílé wa ní Lanham, nílẹ̀ Amẹ́ríkà, lójú gbogbo ayé.

Láti ìgbà òtútù ni mo ti ń kọ́ kọ́ọ̀dù gìtá mẹ́ta péré, ìyẹn ohùn tí okùn gìtá ń dún pọ̀: G, C àti D. Wọ́n ní mẹ́ta yẹn ló gbé gbogbo orin àríyá. Ìka mi bó.

Mo bẹ̀ ẹ́: "Bọ̀ọ̀dá Délé, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ kí n ta gìtá kí ẹ tó dá orin." Kò gbọ́. Ó kàn han gooro ní ohùn tó wù ú, kọ́ọ̀dù mi kankan ò bá ohùn ẹ̀ mu. Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Mo ní kó tún un dá. Ó gbá mi létí.

"Ṣé igi lásán lo fẹ́ fi kọ́ mi lórin?"

Mo yọ gìtá lọ́rùn mi, mo là á mọ́ ọn lórí. Ẹ̀jẹ̀ bo ṣẹ́ẹ̀tì ẹ̀. Mo tún fẹ́ là á lẹ́ẹ̀kan sí i, wọ́n dì mí mú.

Ìyàwó mi ń fọ ṣẹ́ẹ̀tì náà ní kíṣìnnì, ó sì ń kọ orin tí ẹ̀gbọ́n ẹ̀ dá lábẹ́lẹ̀, láìmọ̀. Ohùn ẹ̀ bá kọ́ọ̀dù G mu. G gan-an!

Mo nawọ́ sí gìtá. Igi ọrùn ẹ̀ nìkan ló kù.