Apó Ọfà Tí Mo Gbé Sí Ìbàdí Òsì

Bàbá mi, ẹ̀yin tí súfèé yín máa ń ṣáájú yín wọlé,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ara mi ò lélẹ̀ láti àná, ayọ̀ ni kò sì jẹ́ kó lélẹ̀. Àná ni a ti Hampton dé. Eruku pápá ibẹ̀ ṣì wà lára bàtà mi lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ohun kan sì wà lórí tábìlì níwájú mi báyìí tí mi ò lè gbójú kúrò lára rẹ̀. Apó ọfà ni. Awọ màlúù pupa rúsúrúsú, èmi ni mo sì fi ọwọ́ ara mi gé e, tí mo rán an. Ẹ̀yin ni mo kọ́kọ́ fẹ́ sọ fún, bí mo ṣe máa ń sáré wá bá yín lábẹ́ igi máńgòrò tí mo bá gba ipò kìíní, kí n tó bọ́ aṣọ ilé ìwé.

Mo mọ̀ pé ẹ ó ti máa wò ó pé kí ni nọ́ọ̀sì ń fi ọfà ṣe. Mo ń ta á ni! Ní Tucker ní Amẹ́ríkà níbí, kò jìnnà sí ibi tí mo ti ń ṣiṣẹ́, àwọn kan wà tí wọ́n máa ń tafà lọ́nà àtijọ́: ọrun igi, ọfà igi, ìyẹ́ tòlótòló nídìí rẹ̀, kò sí ẹ̀rọ kankan níbẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan níbi iṣẹ́ ló fà mí lọ ní Sátidé kan, torí ó ní láti ìgbà tí ẹ ti lọ ni mi ò ti ṣe dáadáa mọ́. Mo ní kí n kàn lọ wòran. Wọ́n gbé ọrun lé mi lọ́wọ́, mo fa ọsán rẹ̀, mo jù ú sílẹ̀, ọfà sì fò. Kò ba nǹkan kan o, inú igbó ló wọ̀ lọ. Ṣùgbọ́n mo pariwo, Bàbá! Ó ti pẹ́ tí irú ariwo bẹ́ẹ̀ ti jáde lẹ́nu mi. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń lọ, àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wa sì ti sọ mí di Ìyá Ọdẹ. Tí mo bá ti wọlé báyìí, wọ́n á ní kí n kọ́kọ́ já ẹran ìgbẹ́ sílẹ̀ kí n tó jókòó.

Àpéjọ kan wà tí àwọn tafàtafà wọ̀nyí máa ń ṣe lọ́dọọdún ní Hampton. Ẹni tó bá fẹ́ lọ gbọ́dọ̀ múra bí àwọn ọmọ ogun òyìnbó ayé àtijọ́, nígbà tí àwọn ọba wọn ṣì ń gun ẹṣin lọ sójú ogun. Wọn kì í gba apó oníke, wọn kì í gba apó onísíìpù. Ó di dandan kí n wá apó tó bá ti ìgbà yẹn mu. Èmi tí ẹ mọ̀ pé mo lè wo bàtà ní gbogbo ṣọ́ọ̀bù kí n tó ra ọ̀kan, ẹ lè fojú inú wo bí mo ṣe ṣe nídìí apó.

Èyí tí mo kọ́kọ́ rà, ẹ̀yìn ni wọ́n ń gbé e sí, bí mo ṣe máa ń rí i nínú fíìmù. Mo gbé e kọ́ ẹ̀yìn, mo wo ara mi nínú dígí, orí mi wú. Mo dé pápá, Mista Leon ń bọ̀. Mista Leon ni ọ̀gá wa níbẹ̀, bàbá àgbàlagbà kan báyìí, aláwọ̀ dúdú ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Bí mo ṣe rí wọn, ara mi ò rántí pé mo gbé nǹkan dání: mo tẹ̀ba, mo kúnlẹ̀ kí wọn. Gbogbo ọfà inú apó bá gba orí mi kọjá, wọ́n dà sílẹ̀ wọ̀ọ̀ síwájú bàtà wọn! Bàbá yẹn fò sẹ́yìn. Àwọn tó kù rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sílẹ̀. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi ní ìkíni, torí náà ẹ̀yin lẹ ba apó yẹn jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Mo dá a padà fún àwọn tó tà á.

Ó wá ku èyí tí wọ́n ń so mọ́ ìgbànú, tó ń fì sí ìbàdí. Mista Leon yá mi ní tiwọn. Ó dára, àmọ́ ọfà mi kò yéé yà bàrá kúrò lójú ibi tí mo ń wò. Wọ́n wò mí títí. Wọ́n ní kí n na ọwọ́ méjèèjì síwájú, kí n fi àtẹ́lẹwọ́ ṣe ihò kékeré, kí n gba inú rẹ̀ wo òpó iná kan lọ́ọ̀ọ́kán, kí n máa di ojú kọ̀ọ̀kan. Ni wọ́n bá rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ojú òsì mi ló lágbára, pé ọwọ́ òsì ló yẹ kí n máa fi fa ọsán, kí apó sì wà ní ìbàdí òsì, kí ọwọ́ lè bá ọfà láìwá a.

Ọwọ́ òsì, Bàbá. Ọkàn mi lọ sílé tààrà. Mo rí tábìlì oúnjẹ wa, mo rí ìka yín tó ń kan igi rẹ̀, kò, kò, nígbàkígbà tí mo bá fi ọwọ́ òsì mú ṣíbí. Ẹ kò nà mí rí, ẹ kò jágbe mọ́ mi rí, ìka yẹn nìkan ni. Mo dàgbà tán, mo ń fi ọ̀tún jẹun, mo ń fi ọ̀tún kọ̀wé, àní tí mo bá fẹ́ gún aláìsàn lábẹ́rẹ́, ọ̀tún ni. Tí ẹnikẹ́ni bá na nǹkan sí mi nígbà tí ọ̀tún mi bá dí, màá kọ́kọ́ gbé ohun tó wà níbẹ̀ sílẹ̀ ná. Ṣé kí n wá máa fi òsì tafà níṣojú ayé? Lójú Màmá, tí wọ́n wà lọ́dọ̀ mi nílé ní Grayson báyìí? Ìtìjú mú mi, ẹ̀rù sì bà mí pé ẹ ó bínú sí mi níbi tí ẹ wà. Síbẹ̀, mo gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ọfà yẹn lọ bí ẹni pé ó mọ ọ̀nà. Mo mọ̀ pé mi ò lè padà sí ọ̀tún mọ́, àmọ́ ara mi kò gbà á.

Apó tó wà lọ́jà, ti ọlọ́wọ́ ọ̀tún ni gbogbo wọn. Tí mo bá so ó mọ́ òsì, ọnà ara rẹ̀ á kọjú sí itan mi, ìdí ọfà á sì dà sẹ́yìn. Ni mo bá pinnu pé màá ṣe tèmi fúnra mi. Mo ra awọ ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Tucker. Mo yàn án dáadáa: tó bá rọ̀ jù, ẹnu apó á pa dé mọ́ ọfà, tó bá le jù, á máa ha èèyàn nítan. Bí mo ṣe wọ ṣọ́ọ̀bù yẹn, òórùn awọ gbá mi nímú, mo rántí àpótí kékeré tó wà lábẹ́ ibùsùn yín. Màmá ti sọ fún mi rí pé iṣẹ́ awọ ni ẹ ń ṣe ní Ọ̀yọ́ kí ẹ tó di tíṣà, kí wọ́n tó bí mi. Mi ò rí yín kí ẹ gé awọ rí láyé mi. Àmọ́ nígbà tí Màmá ń bọ̀, mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n bá mi mú irinṣẹ́ yín tó wà nínú àpótí náà wá, kí n ṣáà ní nǹkan tí ọwọ́ yín kàn.

Mo tẹ́ awọ sílẹ̀ ní garáàjì. Màmá jókòó lẹ́bàá ilẹ̀kùn, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà. Mo mú ọ̀bẹ yín, mo fi ọ̀tún gé e. Kò gé dáadáa. Ó ń yà kúrò lójú ìlà tí mo fà, ó ń wọ inú awọ lọ gbígbún. Mo tún un pọ́n, ibi pẹlẹbẹ náà ni. Mo rí i pé ẹ̀gbẹ́ kan ni wọ́n pọ́n lára irin rẹ̀, èkejì tẹ́ pẹrẹsẹ, ibi tí àtàǹpàkò ti jẹ igi èèkù rẹ̀ wọnú kò sì bá ti èmi mu. Mo ti ń kùn. Màmá kò tilẹ̀ gbójú sókè nídìí ẹ̀wà.

“Gbé e sí ọwọ́ kejì jàre. Ọ̀bẹ ọlọ́wọ́ òsì ni.”

Mo rò pé wọ́n ń ṣeré ni. Mo gbé e sí òsì. Àtàǹpàkò mi bọ́ sínú ibi tí tiyín ti jẹ, pẹ́kípẹ́kí. Awọ yẹn là lọ tààrà. Mo dúró, mo ń wo ọwọ́ mi.

“Ọwọ́ òsì ni bàbá rẹ fi ń gé awọ,” ni wọ́n ní. “Inú ìsọ̀ nìkan ni o. Tí oníbàárà bá dé, wọ́n á yára gbé ọjà sí ọ̀tún kí wọ́n tó nà án sí i. Nígbà tí wọ́n wá fẹ́ lọ kọ́ṣẹ́ tíṣà, àwọn èèyàn ní òbí wo ló máa fẹ́ tíṣà tó ń fi òsì kọ̀wé sójú pátákó? Ara ilẹ̀kùn yàrá wa ni bàbá rẹ fi ń kọ́ ọ̀tún. Wọ́n á fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́, wọ́n á nù ún, wọ́n á tún un kọ. Ọjọ́ tí ìwọ fi òsì mú ṣíbí, wọ́n wọ yàrá wá bá mi, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, ‘Ṣé o rí i? Ọmọ yìí jọ mí.’ Nígbà tó yá ni ojú wọn yí padà. Wọ́n ní àwọn ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́.”

Bàbá, mo jókòó sórí ilẹ̀ garáàjì, mo sunkún, mo sì ń rẹ́rìn-ín. Màmá ní kí n má da omi ojú sórí awọ. Kí ló dé tí ẹ kò sọ fún mi? Gbogbo ìgbà tí ẹ ń kan tábìlì yẹn, ṣé èmi lẹ ń kìlọ̀ fún, àbí ẹ̀yin fúnra yín? Ṣé ọwọ́ òsì yín máa ń yún yín tí ẹ bá dúró níwájú pátákó? Ǹjẹ́ ẹ ti fẹ́ sọ fún mi rí, tí ẹ tún gbé e mì?

Láti ọjọ́ yẹn ni iṣẹ́ náà ti ń lọ wọ́rọ́wọ́rọ́. Mo rẹ awọ sómi, mo wé e mọ́ páìpù títí ó fi gbẹ, mo sì fi òòlu yín lu ihò tí abẹ́rẹ́ gbà. Mo jẹ́ kí ó kúrú ju ọfà lọ, kí ọwọ́ lè rí ibi dì mú láìkan ìyẹ́. Ìdí rẹ̀, awọ méjì ni mo fi lé ara wọn, kí ẹnu ọfà má baà dá a lu. Mo gé awọ roboto kan sí ẹnu rẹ̀, mo dá ihò sí i, kí ọfà kọ̀ọ̀kan ní àyè tirẹ̀, kí ìyẹ́ wọn má máa gbo ara wọn. Okùn méjì tó so ó mọ́ ìgbànú, ọ̀kan gùn díẹ̀ ju èkejì lọ, kí ó lè dà síwájú. Mo tẹríba, mo kúnlẹ̀, mo tiẹ̀ fò sókè níwájú Màmá. Ọfà kan kò já bọ́!

Àná wá pé. Dàńṣíkí yín aláwọ̀ ilẹ̀ ni mo wọ̀, mo fi ìgbànú dì í, ó sì jọ ẹ̀wù ọmọ ogun wọn àtijọ́ gẹ́lẹ́, mo so apó mọ́ òsì. Àárín àwọn òyìnbó tí wọ́n wọ aṣọ gbàgẹ̀rẹ̀ onírun àgùntàn nínú ooru yẹn, èmi ni ara tù jù. Màmá jókòó lábẹ́ agboòrùn pẹ̀lú kúlà ìrẹsì wọn, wọ́n ń ráhùn nípa ariwo ọkọ̀ eré ìje tó ń dún lọ́ọ̀ọ́kán. Mo ta àwọn kan dáadáa, mo ta àwọn kan sínú koríko. Mi ò gba ẹ̀bùn kankan. Ṣùgbọ́n èyí tó gbẹ̀yìn, ọwọ́ mi kàn sọ̀ kalẹ̀ sí ìbàdí, ó bá ọfà níbi tó wà, mo fà á, mo jù ú sílẹ̀, ó gún àárín gbùngbùn! Màmá ju agboòrùn nù, wọ́n ń pariwo orúkọ Jésù, gbogbo pápá ń wò wá.

Mista Leon lọ fa ọfà náà yọ, wọ́n mú un wá fún mi. Ọrun wà lọ́wọ́ ọ̀tún mi. Mo bẹ̀rẹ̀, mo fẹ́ gbé e sílẹ̀ kí n lè gbà á bó ṣe yẹ, ìka yín sì ń kan tábìlì nínú orí mi. Ohùn Màmá dé láti ẹ̀yìn mi.

“Gbà á bẹ́ẹ̀!”

Mo kúnlẹ̀, mo na ọwọ́ òsì, mo gbà á lójú gbogbo ayé. Mo wẹ̀yìn wo Màmá, wọ́n ń fi ìdí ìró nu ojú.

Bàbá, láti ibi yìí lọ, mo ti gbé bírò sí ọwọ́ kejì. Ẹ má fi ìwé mi ṣe yẹ̀yẹ́, ó ń ṣe wọ́gọwọ̀gọ bíi ti ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé ìwé, tíṣà lẹ sì jẹ́. Ó rẹ̀ mí lọ́rùn ọwọ́, mi ò sì tíì fẹ́ dúró. Ọ̀bẹ yín wà nínú dúrọ́ọ̀ mi, mo ti fi epo pa á. Ẹ gbé ọwọ́ yín náà jáde níbi tí ẹ wà, kò sí òbí ọmọ kankan níbẹ̀ tó máa bá yín wí.

Èmi ni, ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tó fi ọwọ́ jọ yín.