Ọwọ́ Tí Alàgbà Ìgè Nà sí Mi

Ilé Fátúndé,
Ẹ̀yìn Ọjà Ouando,
Àjàṣẹ́ (Porto-Novo),
Orílẹ̀-èdè Benin.

Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kẹfà, ọdún 2025.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Alábòójútó Ìdíje Sinúkà ti Agbègbè Ọ̀sà,
Òpópónà Etí Ọ̀sà,
Àjàṣẹ́.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀BẸ̀ PÉ KÍ Ẹ GBA IFE-Ẹ̀YẸ YÍN PADÀ, KÍ Ẹ SÌ JẸ́ KÍ A PARÍ ERÉ TÍ KÒ TÍÌ PARÍ

Orúkọ mi ni Judicaël Fátúndé. Èmi ni ẹ kéde pé ó gba ife-ẹ̀yẹ nínú ìdíje sinúkà, eré bọ́ọ̀lù orí tábìlì tí à ń fi ọ̀pá gbá, ti àwọn tó fi eré náà ṣiṣẹ́ jẹun, èyí tí ẹ ṣe ní ìlú wa lóṣù tó kọjá. Mo mọ̀ pé ẹni tó bá pàdánù ló máa ń kọ irú lẹ́tà yìí. Obìnrin tó jókòó sí ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì yín sọ bẹ́ẹ̀ fún mi. Ó ní òun kò rí i rí kí olúborí wá fi ẹjọ́ ara rẹ̀ sùn. Mo yí padà lọ sílé. Ìdí nìyẹn tí mo fi kúkú kọ ọ́ sínú ìwé, nítorí ọ̀rọ̀ náà ti dàrú mọ́ mi lójú, ó sì fẹ́ gba ìyàwó lọ́wọ́ mi.

Ẹni tí a jọ dé ìparí ìdíje náà ni Alàgbà Aubin Ìgè, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, tó wá ń fi sinúkà jẹun báyìí. Ohun tí ẹ lè máà mọ̀ ni pé àwọn ni baba Édith Àyọ̀ká, ọmọbìnrin tí mo fẹ́ fẹ́. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń tọrọ rẹ̀. Baba kò lé mi, wọn kò sì gbà mí. Bí mo bá dọ̀bálẹ̀ kí wọn, wọ́n á fi ẹnu jẹ́ mi, wọ́n á sì dá ọwọ́ wọn sẹ́yìn. Ohun tó fà á ni pé Sèmè-Kpodji ni mo ti kọ́ eré yìí, láàárín àwọn onítẹ́tẹ́, níbi tí èèyàn ti lè fi ìgbọ̀nwọ́ ti bọ́ọ̀lù, kó sì máa wo òkè bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan. Baba ti sọ fún Àyọ̀ká pé àwọn kò ní bọ irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ títí àwọn yóò fi rí i kí ó sọ òótọ́ tó máa pa á lára.

Ẹ̀yin náà wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ọ̀mì ni a ń ta bọ̀ títí ó fi ku ìpele eré kan ṣoṣo tí yóò fi ẹni tó borí hàn. Nínú ìpele ìkẹyìn yẹn, yàtọ̀ sí bọ́ọ̀lù funfun tí à ń fi ọ̀pá gbá, bọ́ọ̀lù méjì péré ló kù lórí tábìlì: èyí tó pupa rẹ́súrẹ́sú tí à ń pè ní róòsì, àti dúdú. Baba ló ṣíwájú, àmọ́ mo ṣì lè lé wọn bá. Èmi ló kàn. Mo gbìyànjú láti gbá róòsì sínú ihò, kò wọlé. Bí mo sì ṣe ń nà dìde, etí apá aṣọ mi fara kan róòsì. Kò sún ju bí eṣinṣin ṣe lè ti nǹkan lọ. Adájọ́ eré kò rí i, Baba kò rí i, ẹ̀rọ ayàwòrán kò sì rí i, torí pé ẹ̀yìn mi ló kọjú sí. Mo gbé ọwọ́ sókè, mo jẹ́wọ́ rẹ̀. Ẹnu ya adájọ́. Ó fi àmì mẹ́fà kún ti Baba, torí òfin kò gbà kí aṣọ kan bọ́ọ̀lù, ó ní Baba ló kàn.

Baba kò gbá. Wọ́n wò mí títí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé ọ̀pá wọn ti ara tábìlì, wọ́n yí wá bá mi, wọ́n na ọwọ́ ọ̀tún sí mi, wọ́n ní: "Judicaël, mo ti rí ọ. Máa bọ̀ wá sílé."

Ẹ̀yin Ọ̀gá, ẹ bá mi rò ó. Ta ló máa rí ọwọ́ àna rẹ̀ tó máa dúró ṣánṣán? Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí ilẹ̀ gbọ̀ngàn yín, tòun ti ọ̀já ọrùn tí ẹ ní kí a so. Nígbà tí mo dìde, mo fi ọwọ́ mi méjèèjì gba ọwọ́ wọn. Mo ṣì dì í mú tí adájọ́ fi kígbe orúkọ mi. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Mo rò pé ohun tí Baba sọ ni wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún, àfi ìgbà tí mo rí i pé wọ́n ti ń kó bọ́ọ̀lù kúrò nílẹ̀.

Mo bi adájọ́ pé kí ló ṣẹlẹ̀. Òkèèrè ló ti wá, kò gbọ́ èdè wa. Ó ṣí ìwé òfin fún mi lédè Faransé: ẹni tí ó kàn láti gbá, tí ó bá na ọwọ́ sí ẹnìkejì rẹ̀ kí bọ́ọ̀lù tó tán, ti gbà pé òun pàdánù. N kò ní purọ́, mo mọ òfin náà. Ohun tí kò yé mi ni pé ẹni tó ṣíwájú, tó jẹ́ pé bọ́ọ̀lù kan péré ló kù fún un láti borí, tí èmi alára ṣẹ̀ṣẹ̀ fún ní àmì mẹ́fà, kí ni yóò máa túúbá fún? Adájọ́ ní ìwé kò béèrè ẹni tó ṣíwájú. Mo ní lọ́dọ̀ tiwa, àgbà ló ń kọ́kọ́ na ọwọ́, ọmọdé kì í na ọwọ́ sí àgbà. Bí òfin bá wá rí báyìí, a jẹ́ pé àgbà tó bá ti kí ọmọdé ti pàdánù nìyẹn. Ó ní ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ sinúkà. Bóyá òótọ́ ló sọ. N kò mọ̀ mọ́.

Láti ọjọ́ náà ni nǹkan ti dojú rú. Àwọn ará àdúgbò wá kí mi kú oríire. Mo ń sọ pé ẹ ṣeun, ohùn mi sì ń jáde bí ti ẹni tí wọ́n ká mọ́ ibi tí kò yẹ kó wà. Ìyá mi pa adìyẹ. Wọ́n gbé omi kaná láti fi tu ìyẹ́ rẹ̀, wọ́n wá bi mí pé ṣé mo borí àbí n kò borí. Mo ní n kò mọ̀. Wọ́n ní kí n yáa tètè mọ̀ ọ́n, nítorí omi ti ń hó.

Mo lọ sílé Alàgbà Ìgè, ilé tí wọ́n ní kí n máa bọ̀. Wọn kò jáde sí mi. Àyọ̀ká ló jáde, ojú rẹ̀ ti wú. Ó ní Baba kò bínú nítorí ife. Ohun tó ń bí wọn nínú ni pé mo mọ òfin, mo sì gba ọwọ́. Ìbéèrè tí wọ́n rán an sí mi nìyí, kò sì jẹ́ kí oorun kùn mí láti ìgbà náà: "Ẹni tó sọ ti apá aṣọ rẹ̀, kí ló dé tí kò sọ ti ọwọ́ mi?"

Èsì mi nìyí. Mo ń kọ ọ́ síhìn-ín báyìí. Nígbà tí ọwọ́ yẹn jáde, n kò rí tábìlì mọ́. Gbogbo òfin tí mo mọ̀ fò lọ lórí mi. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wá ọwọ́ yẹn, n kò sì wá ife yín tó bẹ́ẹ̀ rí. Ká tilẹ̀ ní mo rántí, ṣé kí n kọ̀ ọ́ ni? Bí mo bá kọ̀ ọ́, mo rí àna mi fín. Bí mo bá sì gbà á, mo rẹ́ wọn jẹ. Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́n jù mí lọ, èwo ni ọmọ tó ní ẹ̀kọ́ ilé ì bá ṣe?

Èyí tó tún wá bu iyọ̀ sójú egbò ni àwòrán. Ẹ ya wá níbi tí mo ti fi ọwọ́ méjèèjì di ọwọ́ Baba mú, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri nítòsí ọjà Ouando, ẹ sì kọ sábẹ́ rẹ̀ pé báyìí ni akọni ṣe ń gba ìṣubú. Ọ̀nà ibẹ̀ ni Baba ń gbà lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ní báyìí, ẹ̀yìn ilé ni wọ́n ń gbà. Àgbà tí kò ṣubú, ẹ so ìṣubú mọ́ ọn lọ́rùn, ẹ sì lo ọwọ́ mi láti fi so ó. Ó dùn mí wọra, mo sì ń sọ ọ́ fún yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

Mo ti bẹ Baba pé kí wọ́n pe ẹjọ́ yìí fúnra wọn. Wọ́n rán Àyọ̀ká pé ohun tí àwọn bá ti fi ọwọ́ ara àwọn fún ni, àwọn kì í tọ̀ ọ́ lẹ́yìn. Ọ́fíìsì yín kò rí i rí kí olúborí pẹjọ́. Ẹni tí ẹ ní ó pàdánù kò fẹ́ pè é. Ta ló wá kù?

Nítorí náà, mo bẹ̀ yín, ẹ kéde pé ọwọ́ tí Alàgbà Ìgè nà sí mi kì í ṣe ti ìtúúbá. Ẹ yọ àwòrán yẹn kúrò lára ògiri. Ẹ dá bọ́ọ̀lù méjèèjì àti funfun padà sí ibi tí wọ́n wà, ẹ̀rọ yín kúkú ti ya ibẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí Baba gbá èyí tó kàn wọ́n. Láti ibi tí róòsì wà yẹn, wọn kì í tàsé. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní orí mi ti yí, pé ta ló ń bẹ ìgbìmọ̀ kí wọ́n jẹ́ kí wọ́n na òun. Èmi náà ti bi ara mi bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí adájọ́ kígbe orúkọ mi, ọwọ́ Baba ṣì wà nínú tèmi. Ó le gbandi, wọ́n sì rọra fà á yọ. Ohun tó dá mi lójú nínú gbogbo rẹ̀ nìyẹn. Bí ẹ bá gbọ́ ẹ̀bẹ̀ mi, tí Baba sì borí, èmi ni yóò jẹ́ ẹni tó pàdánù, àṣà eré yín sì ni pé kí ẹni tó pàdánù kọ́kọ́ na ọwọ́. Mo tọrọ àforíjì sílẹ̀ fún ọjọ́ náà, nítorí n kò ní nà án. Èmi yóò dọ̀bálẹ̀, èmi yóò sì dúró de tiwọn.

Mo dúpẹ́ pé ẹ fi sùúrù kà á dé ìsàlẹ̀.

Èmi ni, olúborí yín tí kò tíì borí,

Judicaël Fátúndé,
Ẹni tó fi sinúkà ṣiṣẹ́ ṣe, Ouando.