Igi Tí Bàbá Kàn Mọ́lẹ̀ Létí Òkun

Àbúrò mi,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó wa, mo kí àwọn ọmọ. Orúnkún Màmá ti fúyẹ́, ẹnu wọn nìkan ni kò sinmi.

Ìpàdé ìlú ti fọwọ́ sí ilé alájà mẹ́wàá lórí pápá tí a ti ń sá àwọ̀n. Àwọn ọ̀dọ́ ń wá ilé, mi ò bá wọn wí. Bàbá nìkan ló dìde: "Ẹ lọ wo igi mi." Wọ́n rẹ́rìn-ín.

Ṣé o rántí igi náà? Lọ́dún tí o lọ ni Bàbá kàn án mọ́lẹ̀, ogójì ìṣísẹ̀ sí òkun. Omi ti kọjá rẹ̀.

Jọ̀wọ́, má tíì sanwó ilé tí o fẹ́ rà nísàlẹ̀ ilé alájà náà. Láàárọ̀ yìí ni mo wá èèkàn tí wọ́n fi sàmì ẹnu ọ̀nà rẹ lọ. Omi mù mí dé orúnkún kí n tó fọwọ́ kàn án.

Ẹsẹ̀ rẹ á máa tẹ ilẹ̀ gbígbẹ.

Ẹ̀gbọ́n rẹ