Aṣọ tí Màmá bá mi fọ̀

Àkúrẹ́, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú

Mo ti fi Tómi ọmọ mi sílẹ̀ ní Oǹdó lọ́dọ̀ ìyá bàbá rẹ̀.

Jẹ́lé-ó-sinmi tí agbára wa ká ní Arakale, ọ̀sán ni wọ́n ń ṣíwọ́, ilé ìtajà tí mo ti ń ṣiṣẹ́ kì í sì í jẹ́ kí n kúrò kí ilẹ̀ tó ṣú. Èyí tó ń tọ́jú ọmọ di ìrọ̀lẹ́, apá wa ò ká a.

Ìró tí mo fi ń sùn ni mo mú dání fún un. Mo mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀ láìfọ̀ ni. Tó bá fi bora lóru, á máa gbọ́ òórùn mi, bóyá kò ní sunkún.

Ìgbà tí mo jáde láti balùwẹ̀, mo rí ìró náà lórí okùn, omi ń kán lára rẹ̀.

Màmá ní, "Ìyàwó mi, mo rí i pé iṣẹ́ ò jẹ́ kó o ráyè fọṣọ. Mo ti bá ẹ fọ̀ ọ́."

Mo kúnlẹ̀, mo ní ẹ ṣeun, mà. Inú wọn dùn gan-an.

Tómi ò tiẹ̀ wẹ̀yìn nígbà tí mo ń lọ. Adìyẹ ló ń lé kiri.

Bàbá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ní kí n kó aṣọ Tómi tó kù nílẹ̀ wá, kí òun rẹ wọ́n sómi. Mo kó wọn fún un, àfi ẹ̀wù tó wọ̀ sùn lánàá. Ìyẹn wà lábẹ́ ìrọ̀rí mi. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọ̀ ọ́.