Ẹni Tó Sún Mọ́ Ọ Jù Lọ

Àbíkẹ́yìn mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé ara rẹ ti ń gba òtútù ibẹ̀? Àwa náà wà, a dúpẹ́, àyà wa nìkan ni kì í dúró sójú kan. Ẹlẹ́dàá tó mú ọ kọjá òkun kò ní fi ọ́ sílẹ̀ láàárín àjèjì. Àmín.

Láti ìgbà tí o ti sọ pé aago ọ̀hún fi wákàtí mẹ́fà rẹ̀yìn sí tiwa, mo ti so aago kejì mọ́ ògiri pálọ̀, kí n lè mọ ìgbà tí o ń wọ kíláàsì. Ìyá rẹ ní ilé tó bá ní aago méjì kò mọ àkókò. Bí mo bá wo ọ̀kan tán, màá tún wo ìkejì, iṣẹ́ ò wá lọ mọ́. Ibùsùn tí mo ń kàn fún ọlọ́pàá gíga yẹn, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo wọn pákó rẹ̀, síbẹ̀ mo gé e kúrú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń yọ síta.

Má bínú nítorí fọ́ọ̀mù ilé ìwé rẹ. Akọ̀wé ilé kọ̀ǹpútà ní wọ́n ń béèrè ẹni tó sún mọ́ ọ jù lọ, ni mo bá mú téèpù, mo wọ̀n ọ́n láti ẹnu yàrá rẹ. Ilé Ìyá Aránṣọ ló sún mọ́ ọn jù, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rìndínlógún péré, ni mo bá kọ orúkọ àti nọ́ńbà rẹ̀ síbẹ̀. Mi ò ka èmi àti ìyá rẹ mọ́ ọn, nítorí ẹni tó wà nínú ilé kò sún mọ́ ilé, inú rẹ̀ ló wà.

Àfi bí fóònù Ìyá Aránṣọ ṣe dún lọ́jọ́bọ̀. Òyìnbó kan ń fi imú sọ̀rọ̀, orúkọ rẹ àti ọsibítù nìkan ló gbọ́ níbẹ̀. Ó sáré wá bá mi pẹ̀lú apá ẹ̀wù kan léjìká, ó ń ké pé ọmọ mi wà ní ọsibítù. Mo ju ayùn sílẹ̀, mo wọ bàtà lódì, ó di gáréèjì. Awakọ̀ bi mí pé ibo ni. Mo ní òkè òkun. Kò rẹ́rìn-ín, ó ní bàbá, ọ̀nà tòun parí sí etí omi. Mo ní kó ṣáà gbé mi débẹ̀, màá mọ bí mo ṣe máa ṣe é.

A ti wà lójú ọ̀nà nígbà tí Tíṣà Àgbà, tó kọ́ ọ ní kékeré, fi alùpùpù lé wa bá. Ó ti gba fóònù Ìyá Aránṣọ, ó sì ti pe nọ́ńbà òyìnbó náà padà. Ó ní eyín ni wọ́n fẹ́ yẹ̀ wò fún gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ tuntun, wọ́n kàn ń béèrè bóyá oògùn kan wà tí ara rẹ kì í gbà ni. Eyín! Mo jókòó sẹ́bàá títì, mo sunkún bí ọmọdé. Ìyá rẹ ò gbọ́ ìyẹn o.

Tíṣà ti tún fọ́ọ̀mù náà kọ. Ó ní èmi ló sún mọ́ ọ jù lọ, bí òkun tilẹ̀ wà láàárín. Mo bi í pé ṣé ó dá a lójú. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń kà á.

Bí nǹkan bá wà lọ́wọ́ rẹ, fi díẹ̀ ránṣẹ́ kí n fi ra pákó mìíràn, torí ọlọ́pàá náà ò kí mi mọ́. Bí kò bá sí, má lọ yá o.

Ẹsẹ̀ rẹ kò ní kọ. Ìwé tí o ń kà yóò yé ọ. Ayọ̀ lo bá lọ, ayọ̀ ni wàá bá dé.

Ìyá rẹ ní kí n jókòó jẹ́jẹ́ kọ lẹ́tà yìí parí. Òun fúnra rẹ̀ kò tíì jókòó láti ọjọ́ tí o ti lọ.

Èmi ni,
Bàbá rẹ, káfíńtà.