Ẹ̀rọ Ni, Kì Í Ṣe Ẹ̀rọ̀

                                        Agboolé Fágbénlé,
                                        Ìgbẹ̀ìn,
                                        Abẹ́òkúta.
                                        10 Oṣù Kẹta, 2025.

Herbert, ọ̀rẹ́ mi àtìgbà èwe,

Ṣé dáadáa lo jí? Orúnkún tó ń dùn ọ́ ńkọ́? Títílọlá ìyàwó wa ńkọ́, ṣé ó ṣì ń fi iyọ̀ dù ọ́? Ó káre. Ara tèmi le, inú ni kò dùn. Láti Ìgbẹ̀ìn dé Aké kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi kọ̀ láti wá sílé rẹ, ìyẹn ni mo fi kọ̀wé.

O mọ̀ pé Sátidé-Sátidé làwọn ọmọ àdúgbò ń wá sọ́dọ̀ mi, tí a jọ ń kan ẹ̀rọ kéékèèké. Ìwọ lo fún wa ní rìmù kẹ̀kẹ́ tí a so mọ́ igi máńgòrò, tí wọ́n fi ń fa korobá òkúta sókè. Ojú rẹ ni Ìlérí, ọmọ Miriam, ṣe ti pákó bọ abẹ́ odó ìyá mi, tó fi òkúta gbé e nídìí, tó tẹ orí kejì, tí odó sì dìde. Ó ní, "Bàbá, odó yìí ti fúyẹ́." Mo ní, "Odó ò fúyẹ́, pákó ló gbọ́n jù ú lọ." O rẹ́rìn-ín títí o fi wúkọ́.

Nígbà tí Miriam wá mú ọmọ rẹ̀, ó ní, "Bàbá, kí lẹ ń kọ́ wọn gan-an?" Ẹnu mi tí kì í gbélé, mo ní, "Ẹ̀rọ̀ ni. Ohun tó bá le, a ó sọ ọ́ di rírọ̀." Mo kàn fa ohùn ìparí ẹ̀rọ wálẹ̀ díẹ̀ ni, ìwọ lo sì kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́ sí àwàdà náà. Àṣé lọ́dọ̀ Miriam, bí ẹni tó ń jẹ́ Fágbénlé bá ti pe ẹ̀rọ̀, èyí tí wọ́n fi ń tu òrìṣà lójú ni.

Ó gbé e dé ìpàdé àwọn òbí ní ṣọ́ọ̀ṣì yín. Àrìnpé aládùúgbò mi wà níbẹ̀. Ó ní wọ́n yíjú sí ọ pé, "Bàbá Ìjọ, ẹ̀yin lẹ máa ń lọ síbẹ̀. Kí ni Bàbá yẹn ń ṣe?" O sì dáhùn pé, "Ta ló mọ tinú ọkùnrin yẹn?"

Ọkùnrin yẹn, Herbert. Èmi tí a jọ jí àgbàdo sun jẹ. Wọ́n ní ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá ń gbé. Tìrẹ, orí bẹ́ńṣì mi lo jókòó sí. Pétérù náà ṣe irú ẹ̀, ṣùgbọ́n òun sunkún.

Sátidé tó kọjá, ọmọ kankan ò wá. Mo fa korobá náà sókè fúnra mi, mo tún sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

Má wá bẹ̀ mí. Dìde níwájú wọn ní Sọ́ńdè, kí o sọ ohun tí ojú rẹ rí. Ọmọlanke kékeré tí Ìlérí ń kàn ku ẹsẹ̀ kan. Mi ò ní bá a kàn án. Òun ló ni ín, ìwọ lo sì ti ìlẹ̀kùn mọ́ ọn.

Bá mi kí Títílọlá. Bí awò ojú rẹ bá tún sọnù, òun ni kí o fún ní lẹ́tà yìí kó kà á sókè.

                                        Èmi ni tìrẹ síbẹ̀, bí o tilẹ̀ ń tijú mi,
                                        Fágbénlé.